Baba Kánádà àti Ohùn Bàbá Mi

Bí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bá bi mí pé kí ni mo kọ́kọ́ rí ní London, wọ́n máa ń rò pé yìnyín ni màá sọ, tàbí ilé gogoro. Irọ́ ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé mo kí èèyàn, kò dá mi lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ni, lórí àtẹ̀gùn ilé tí a ń gbé ní Barnfield Estate, ní Woolwich. Obìnrin òyìnbó kan ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Mo tẹ eékún díẹ̀, mo ní, "Good morning, Ma." Ajá nìkan ló wò mí. Obìnrin náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo ròyìn fún Auntie Rẹ̀mí tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kì í ṣe ẹbí ìyá mi, wọn kì í ṣe ti bàbá mi. Ìlú kan náà la ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà la sì ń lọ ní Plumstead. Ìyẹn ti tó kí wọ́n di Auntie.

"Má kí wọn mọ́ o," wọ́n ní. "Tó o bá ń greet wọn báyẹn, wọ́n á think pé o fẹ́ borrow sugar ni."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ọmọ káfíńtà ni mí. Ní ìlú wa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, etí títì ni ìsọ̀ bàbá mi wà. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí wa, kò sì sí ẹni tó kí wa tí a kì í dá lóhùn. Láti kékeré, bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí ilẹ̀ sì ń ṣú, èmi ni mo máa ń gbé fìtílà dúró ti bàbá mi kí wọ́n lè rí orí ìṣó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi kún oríkì mi. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ arójòjoyè: ìyẹn ni gbogbo ilé mọ̀. Èyí tí bàbá mi fi kún un fúnra wọn ni "a-gbé-fìtílà-dúró-ti-bàbá-ẹ̀." Wọn kì í pariwo ìyẹn lójú èèyàn. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe tilé sókè, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á sọ tàwa méjèèjì sí mi létí.

Ọjọ́ tí mò ń lọ náà, wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Má pẹ́ o. Mo fẹ́ kí o bá mi láyé."

Gbogbo èrò tí mo gbé wá sí London kò ju ìyẹn lọ: kí n lọ, kí n bọ̀, kí n sì bá bàbá mi láyé.

*

Olùkọ́ ni mí nílé, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé màá kàwé sí i, kí n sì padà. Ìwé kíkà kò pẹ́ tó fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró kí n máa ṣiṣẹ́, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tì mi, wọ́n ní àwọn ń wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, ọdún ń gorí ọdún. Mo ní kí n lọ gbà á kí n máa lọ ilé, Auntie Rẹ̀mí ní kí n má dán an wò.

"Tó o bá gba passport yẹn lọ́wọ́ Home Office, o ti cancel gbogbo nǹkan tó o ti suffer fún nìyẹn. Ṣe sùúrù. Any day from now."

Mo ṣe sùúrù. Láàárọ̀, màá gbálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Powis Street kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Thamesmead ìgbà náà kì í ṣe ibi tí aláwọ̀ dúdú ń rìn gbẹ̀fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó máa ń dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó so ilé mọ́ ilé, wọ́n á máa ké lé mi lórí pé kí n máa lọ sí ìlú mi. Ẹ̀rù máa ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọjá wọn tán, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ lọ ni? Ẹ bá mi bẹ ìjọba yín kí wọ́n fún mi ní pásípọ́ọ̀tì mi!

Ọjọ́ Sunday ni ọjọ́ tèmi. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá bọ́ sí ilé fóònù tó wà nítòsí ọjà Beresford Square. Alhaji tó ń ta símẹ́ǹtì ládùúgbò wa nìkan ló ní fóònù. Màá kọ́kọ́ pè kí wọ́n lọ ké sí bàbá mi, màá dúró díẹ̀ nínú òtútù, màá tún pè. Bàbá mi á wúkọ́, wọ́n á pe oríkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Alhaji wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á parí ẹ̀. Ìgbà náà ni màá tó lè gbé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

*

Nígbà tí ibi iṣẹ́ fún mi ní àdírẹ́sì bàbá òyìnbó kan lẹ́bàá adágún omi ní Thamesmead, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bàbá náà le, pé wọ́n ti lé gbogbo ẹni tó ṣáájú mi. Mo wọlé, mo bá arúgbó gbọọrọ kan lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?" wọ́n bi mí.

"Kò sí o, Daddy. Mò ń kí yín ni."

"Mi ò bímọ. Dìde ńlẹ̀. Tíì ni mo fẹ́, má fi ṣúgà sí i."

Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri: àwọn ọkùnrin onífìlà dúró níwájú afárá, ọ̀kan láàárín wọn di sísọ́ọ̀sì mú láti gé rìbọ́n. Mo béèrè pé èwo ni wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó di sísọ́ọ̀sì mú ni. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rí ní ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbin àlìkámà, àti pé àwọn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti afárá, ohun tí àwa ń pè ní kọmíṣọ́nnà.

Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ẹ gbà mí, kọmíṣọ́nnà wo ló ń dá jókòó nínú ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá àwọn tálákà, pẹ̀lú súwẹ́tà tó ti lu níbi ìgúnpá? Nílé wa, kánsẹ́lọ̀ lásán kì í fúnra rẹ̀ gbé báàgì. Ẹni tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà rí, títí tó fi máa kú, àwọn èèyàn á máa jókòó lójúde rẹ̀. Auntie Rẹ̀mí gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Commissioner nínú council flat! Àbí ó ti chop money tán ni? Ṣọ́ra ẹ o, memory àwọn old people yẹn ti ń lọ."

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè wọ́n ní Baba Kánádà. Níwájú wọn, Sir ni mò ń pè wọ́n, nítorí wọn ò gba Daddy.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ kì í ṣe fọ́tò. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù kan tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa móoru ní Barnfield dákẹ́. A lọ sí ọ́fíìsì àwọn onílé títí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: àwọn ń wò ó. Mo ń ṣàròyé nígbà tí mò ń fọ ẹsẹ̀ fún Baba Kánádà, wọ́n ní kí n jókòó.

"Kí lo bi wọ́n?"

"Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa wá."

"O ti ṣìnà. Wọ́n á kàn dá ọ lóhùn pé láìpẹ́ ni. Ìbéèrè tó dáa, àga kan ṣoṣo ló yẹ kó ní, kí ẹni tí o bi má rí ibòmíràn jókòó sí. Bi wọ́n pé ta ni ẹni tó ń bọ̀, kí lorúkọ rẹ̀, kí o sì má kúrò níbẹ̀." Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn, ẹni tó bá ń sá fún ìbéèrè, yóò dáhùn òmíràn tí o ò bi í, tàbí kó máa yìn ọ́, tàbí kó ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí nílé. "Bí o bá ti gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

Mo lọ. Mo bi wọ́n bí Baba ṣe kọ́ mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fún mi ní èsì òmíràn, mo ní rárá. Ó yìn mí pé Gẹ̀ẹ́sì mi dán, mo dúpẹ́, mo tún bi í. Ó ní ọ̀gá kò sí nílé. Mo fa àga, mo jókòó dè é. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n rán ẹni tó tún un ṣe. Auntie Rẹ̀mí gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, wọ́n sì jó yí tábìlì ká. "Lawyer! Lawyer wa nìyí o!" Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti yọrí sí rere lọ́wọ́ mi.

*

Ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ ká jáde ni Baba Kánádà sọ ìtàn ayé wọn fún mi. Mo kàn béèrè ohun tó gbé wọn láti Kánádà wá sí Thamesmead ni.

Plumstead ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá wọn kú, ìyá wọn kò ní agbára, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ọmọ aláìní pé òun á wá mú wọn bí nǹkan bá sàn. Kó tó wá, wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà, wọ́n pín wọn fún àwọn àgbẹ̀. Baba ń sunkún ìyá wọn. Ọkùnrin kan jókòó tì wọ́n, ó fi ohùn tútù sọ fún wọn pé ìyá wọn ti kú. Wọ́n dẹ́kun ẹkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹṣin ni wọ́n ń sùn.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láìfi epo sí i. Wọ́n dìbò yàn wọ́n. Odò kan wà ní agbègbè wọn tí kò ní afárá, ó sì ti gbé èèyàn lọ. Gbogbo ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ bá jókòó ni wọ́n ń dìde béèrè afárá náà, títí ó fi sú ìjọba. Ìjọba kọ́ ọ, nígbà tó sì yá, wọ́n fi gbogbo afárá ìpínlẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́. Ohun tó gbé wọn sókè náà ló bì wọ́n ṣubú. Ilé ìwòsàn ìlú kan fẹ́ kú, gbogbo olóṣèlú ń sọ fún àwọn ará ìlú pé ìjọba ń wò ó. Baba dúró níwájú wọn, wọ́n ní, "A máa tì í pa." Ìbò tó tẹ̀ lé e, ìlú náà lé wọn.

"Wọn ì bá dárí jì mí," wọ́n ní, "ká ní mo fi ẹ̀yẹ purọ́ fún wọn."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ṣe le jù, Sir."

Wọ́n na ọwọ́ sí fọ́tò ara ògiri. "Nígbà tí mo ń gé rìbọ́n yẹn, ìyá mi wà láàyè ní Plumstead. Ó ń fọ aṣọ fún àwọn ẹlòmíì."

Ìgbà tí ìyàwó wọn kú, tí wọ́n ń wá orírun wọn, ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n padà wá. Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí ìyá wọn gbé kẹ́yìn kó tó kú, obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí ló ṣí i. Wọ́n ní àwọn dúró níbẹ̀ tí àwọn ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀ láti inú yàrá.

Nílẹ̀ wa, a ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo àdánù, a ní ẹ kú ti gbogbo nǹkan. Mi ò rí ẹ kú tèyí. Lójú fèrèsé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn ń rìn káàkiri létí omi. Baba ní ìlú àwọn ni wọ́n ti mú àwọn ẹyẹ náà wá, pé ní Kánádà wọ́n máa ń fò lọ wọ́n máa ń fò bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti ibí ti gbàgbé ọ̀nà. Mo fọ ife tíì, mo lọ ilé.

*

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo pe ilé lọ́jọ́ Sunday kan, Délé àbúrò mi ló gbé fóònù. Ó ní Bàbá lọ sóko. Sunday kejì, Bàbá ń sùn, wọn ò fẹ́ jí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ti lọ wo ojú ní Ìbàdàn. Délé, tí kì í gbàdúrà gígùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi lórí fóònù. "Sister mi, ẹ ò ní ṣòfò lókè òkun. Olúwa á gbé yín ga." Èmi ń ṣe àmín.

Ẹ̀yin tó ń kà á ti mọ̀. Èmi náà yẹ kí n mọ̀. Èmi náà ti bá wọn ṣe é rí fún ọmọ aládùúgbò wa kan tó wà ní Kano: ìyá rẹ̀ kú, a ní ó lọ sóko. A kì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tó wà lẹ́yìn odi. A máa ń dúró kí àwọn àgbà kó ara wọn jọ, kí wọ́n lọ bá a, kí wọ́n mú un jókòó, kí wọ́n fi òwe wọlé. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù kò sì ní ojú. Mo wá gbé ọkàn lé súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan tí mo rà ní Powis Street, tí mo fi rán ẹnì kan sí bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ìyẹn ni mò ń béèrè.

Mo sọ fún Baba Kánádà pé ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ fún mi nílé. Mo sọ ọ́: oko, oorun, Ìbàdàn, àdúrà. Baba gbé ife tíì kalẹ̀.

"Lọ béèrè ohùn rẹ̀."

"Kí ni ẹ ní lọ́kàn, Sir?"

"Má bi wọ́n pé ṣé ara rẹ̀ le. Má bi wọ́n pé níbo ló lọ. Sọ pé o fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí o sì má kúrò níbẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Nílẹ̀ wa, a kì í fi ẹnu ara wa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá." Mo gbálẹ̀ láìbá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sunday dé, mo sọ fún Délé pé mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀ títí màá fi gbọ́ ohùn bàbá mi. Ó ní kí n pè padà. Mo dúró títí, mo tún pè. Ẹnì kan wúkọ́ létí mi.

"Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ arójòjoyè!"

Mo ké. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé fóònù, àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà ń wò mí. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, wọ́n ní súwẹ́tà náà dé, ó bá àwọn mu, wọ́n súre fún mi, owó káàdì fóònù mi tán.

*

Ọjọ́ kejì, mo wọ ilé Baba Kánádà pẹ̀lú orin lẹ́nu.

"Mo gbọ́ ohùn wọn, Sir! Ẹ rí i? Mo sọ fún yín!"

"Ó dáa," wọ́n ní. Inú wọn dùn, mo rí i. "Kí ló kọ́kọ́ sọ?"

"Wọ́n pe oríkì mi."

Wọ́n ní kí ni ìyẹn. Mo ṣàlàyé pé orúkọ tí a fi ń kẹ́ni, tí a fi ń gẹ̀ni ni, pé ó ní ti ilé, ó ní èyí tí ẹni tó bí ni lè fi kún un.

"Sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Mo wúkọ́ bíi bàbá mi. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ arójòjoyè..."

Mo dúró.

"Ó tán?" Baba béèrè.

Omi ń hó lórí iná. Mo ní, "Wọ́n ní súwẹ́tà náà bá àwọn mu."

"Mi ò bi ọ́ nípa súwẹ́tà," wọ́n ní, ohùn wọn ti rọ̀. "Mo ní, ṣé ó tán?"

"Kò tán," mo ní.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn wọn jọra láti ìgbà èwe wọn, ìyá tó bí wọn pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè. Bàbá Kékeré mọ ti ilé, wọn ò mọ tàwa méjèèjì, nítorí etí mi ni bàbá mi máa ń sọ ọ́ sí.

Mo jókòó sílẹ̀. Baba Kánádà, tí kì í lè dìde láìsí ẹni tó gbé wọn, fi ọ̀pá wọn fà mí mọ́ra, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ìborùn mi.

"Wọ́n sọ fún mi pé ìyá mi kú kí n lè ṣiṣẹ́," wọ́n ní. "Wọ́n sọ fún ọ pé bàbá ẹ wà láàyè kí o lè ṣiṣẹ́. Mi ò mọ èyí tó sàn."

Mo délé, mo bá Auntie Rẹ̀mí nídìí ìkòkò. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní ju àga kan lọ.

"Auntie, ìgbà wo ni wọ́n sin bàbá mi?"

Ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Yéè! Ta ló sọ fún ẹ?"

Wọ́n ti mọ̀. Láti ìgbà tí a ń múra ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti mọ̀. Délé ló pè wọ́n, wọ́n sì sọ fún Wòlíì, Wòlíì sọ fún àwọn àgbà ìjọ, gbogbo wọn fẹnu kò pé kí wọ́n má tíì sọ fún mi, kí n má baà sáré lọ ilé kí ìwé mi bàjẹ́. Ìyá tó ń ta iṣu ní Plumstead High Street mọ̀. Èmi ti rò pé ó kàn fẹ́ràn mi ni ó ṣe ń fi ènì sí iṣu mi. Gbogbo Woolwich ti ṣọ̀fọ̀ bàbá mi, èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀. Ọmọ wọn àgbà ni mí. Ọwọ́ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n wá. Wọ́n mú mi jókòó. Wọ́n ní kò sí bí ọmọdé ṣe lè gbọ́n tó, ọ̀nà tí àgbà ń rìn ni òun náà máa rìn. Wọ́n fi òwe wọlé bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin, bí ẹni tí kò mọ̀. Mi ò lè bínú sí wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù, nítorí kò sí ẹni tí mo lè bá jà. Délé ní Bàbá fúnra wọn ló ní kí wọ́n má tíì sọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mi ò lè gbà á gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá mi.

*

Baba Kánádà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ibi iṣẹ́ ló pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n má lọ sí àdírẹ́sì yẹn mọ́, pé bàbá náà ti kú, àti pé ṣé mo lè lọ tọ́jú ìyá kan ní Abbey Wood dípò rẹ̀. Ìmí kan náà ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti sọ òtítọ́ fún mi tààrà wàyí, mo sì rí i pé òun náà kò ní ọwọ́ tí ó fi ń di èèyàn mú.

Mo lọ síbi ìsìnkú wọn. A kéré gan-an. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ sọ pé ẹni tó ti gbé Kánádà rí ni. Kò sọ̀rọ̀ odò, kò sọ̀rọ̀ afárá, kò mọ̀. Nílé wa, ẹni tó bá ti kọ́ afárá, ojú ọ̀nà kò ní gba àwọn tó máa sin ín. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ sọ pé ọkùnrin yìí ló ń béèrè títí wọ́n fi dá a lóhùn. Mi ò dìde. Mo wo ojú àwọn òyìnbó díẹ̀ tó jókòó níbẹ̀, mo tún di obìnrin tó kí èèyàn lórí àtẹ̀gùn tí wọn ò dá lóhùn.

Nígbà tí pásípọ́ọ̀tì mi jáde, tí wọ́n ní mo lè dúró, tí mo sì lè lọ kí n bọ̀ bó ṣe wù mí, Auntie Rẹ̀mí gbé mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jó fún mi. Gbogbo èèyàn ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ ilé. Mo ní láìpẹ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa bí a ó ti ṣe bí ẹni tí à ń tìtorí rẹ̀ bọ̀ kò bá sí nílé. Bí mo bá ti fojú inú wo ìsọ̀ bàbá mi, mo máa ń rí ara mi lójú ilẹ̀kùn, tí mò ń wo ẹ̀yìn ẹni tó ṣí i. Mo ti pásípọ́ọ̀tì náà mọ́ inú àpótí, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Síbẹ̀, mi ò tíì dẹ́kun pípe ilé lọ́jọ́ Sunday. Bàbá Kékeré ti bẹ̀ mí tipẹ́, mo sì ti ní kò sí nǹkan. Àwọn ni wọ́n ń gbé fóònù báyìí, Délé ní àwọn náà ló ń wọ súwẹ́tà náà. Wọ́n á wúkọ́. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ arójòjoyè!" Wọ́n á sì dákẹ́, kí n lè dá wọn lóhùn.

Èmi náà á dákẹ́. Àwọn èèyàn á máa kọjá lọ sọ́jà, owó káàdì á máa tán lọ.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ó kù nínú oríkì mi. Mo di fóònù mọ́ etí, mo sì ń retí ìyókù rẹ̀.